Ẹ̀rín Tí Ó Di Òwò: Bàbá Sàlá àti Àwọn Olólùfẹ́ Eré Aláwàdà

Ìfáàrà

"Ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín" ni àwọn àgbà máa ń wí nígbà tí ọ̀ràn bá ga ju ẹkún lọ. Bí a bá ń wá ẹni tí a lè fi ìtàn ayé rẹ̀ túmọ̀ òwe yìí fún akẹ́kọ̀ọ́, a kò ní rìn jìnnà kí a tó kan Moses Ọláìyá Adéjùmọ̀, ẹni tí tọmọdé tàgbà mọ̀ sí Bàbá Sàlá. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí ọkùnrin yìí fi pa ọmọ Yorùbá lẹ́rìn-ín lórí amóhùnmáwòrán, lórí ìtàgé, nínú àwo orin àti nínú fíìmù. Síbẹ̀, nígbà tí ìfẹ́ tí àwọn òǹwòran ní sí i dé òkè téńté, ìgbà náà gan-an ni òwò rẹ̀ dẹnu kọlẹ̀.

Báwo ni ó ṣe lè rí bẹ́ẹ̀? Ìbéèrè tí àròkọ yìí fẹ́ dáhùn nìyí. A sábà máa ń ka ìtàn eré oníṣe Yorùbá gẹ́gẹ́ bí ìtàn ẹ̀bùn: ẹni báyìí ni ó kọ eré báyìí, ọdún báyìí ni ó gbé e jáde. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìbéèrè ìdánwò máa ń wá. Ṣùgbọ́n ìtàn náà ní apá kejì tí a kì í fi bẹ́ẹ̀ mẹ́nu bà, èyí sì ni ìtàn owó: ta ni ó ń san án, kí ni ó ń san án fún, ọ̀nà wo ni ó sì ń gbà dé ọwọ́ òṣèré? Èrò tèmi ni pé ìfẹ́ àwọn òǹwòran, bí ó ti wù kí ó pọ̀ tó, kì í di òwò fún òṣèré àfi bí ẹnu ọ̀nà kan bá wà tí òun fúnra rẹ̀ dúró sí, tí ó ti ń gba owó. Nígbà tí ẹnu ọ̀nà yẹn wà lọ́wọ́ Bàbá Sàlá, ó là. Nígbà tí ó bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, ìfẹ́ náà kò dín kù rárá, ẹlòmíràn ni ó kàn ń kó èrè rẹ̀.

Kí àwàdà tó gba àyè tirẹ̀

Kò yẹ kí a sọ̀rọ̀ Bàbá Sàlá láìkọ́kọ́ wo ilẹ̀ tí ó dúró lé. Láti ayé àtijọ́ ni àwọn eégún alárìnjó ti ń ti ìlú kan dé èkejì, tí wọ́n ń pidán, tí wọ́n ń sín ènìyàn jẹ, tí àwọn òǹwòran sì ń ta wọ́n lọ́rẹ. Ẹ jẹ́ kí á kíyè sí ọ̀rọ̀ náà, ọrẹ. Ohun tí ó bá wu òǹwòran ni ó ń fi sílẹ̀ lẹ́yìn tí ó bá ti wòran tán. Láti ìgbà tí Hubert Ògúndé ti gbé eré rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní Èkó ní 1944, tí ó sì fi iṣẹ́ ọlọ́pàá sílẹ̀ lẹ́yìn náà kí ó lè máa fi eré jẹun, ni nǹkan ti yí padà. Ògúndé fi ìlẹ̀kùn sí agbo. Ẹni tí ó bá fẹ́ wòran yóò kọ́kọ́ sanwó kí ó tó wọlé. Ọ̀nà yìí ni Kọ́lá Ògúnmọ́lá, Dúró Ládiípọ̀, Oyin Adéjọbí àti àwọn ẹgbẹ́ wọn tọ̀.

Nínú eré àwọn àgbà wọ̀nyí, àwàdà wà, ṣùgbọ́n ẹ̀nì ni ó jẹ́. Ògúndé ní ọ̀rọ̀ ìṣèlú láti sọ, gẹ́gẹ́ bí ó ti hàn nínú Yorùbá Ronú, eré tí ó mú kí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn fòfin de ẹgbẹ́ rẹ̀ ní 1964. Ládiípọ̀ ní ìtàn àwọn ọba àti òrìṣà láti sọ, bíi ti Ṣàngó nínú Ọba Kò So. Aláwàdà kàn ń yọjú láàrin eré kí ó má baà sú àwọn òǹwòran ni. Moses Ọláìyá ni ó mú ẹ̀nì yìí tí ó sọ ọ́ di ọjà gan-an. Eré rẹ̀ kò ní ohun mìíràn ní pàtàkì ju àwàdà lọ, orúkọ tí ó sì fún ẹgbẹ́ rẹ̀ kò fi èyí pamọ́: Aláwàdà.

Láti ibi orin dé orí amóhùnmáwòrán

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni Ọláìyá, 1936 ni a sì bí i. Orin háíláìfù ni ó kọ́kọ́ gbé e jáde. Ẹgbẹ́ olórin rẹ̀, Federal Rhythm Dandies, ni Sunny Adé ti ta gìtá kí òun náà tó dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀. Ẹni tí ó bá ti bá olórin rìn mọ̀ pé wọn kì í dédé kọrin. Wọ́n a máa dá àpárá, wọ́n a máa fi ọ̀rọ̀ dá àwọn ènìyàn lára yá. Díẹ̀díẹ̀ ni àpárá yìí borí orin, tí olórin sì di òṣèré.

Àsìkò tí ó bọ́ sí dára fún un. Ní ọjọ́ 31, oṣù kẹwàá, 1959, ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ṣí ilé-iṣẹ́ amóhùnmáwòrán WNTV ní Ìbàdàn, èyí tí í ṣe àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní apá ilẹ̀ Áfíríkà tí ó wà ní gúúsù aṣálẹ̀ Sàhárà. Ẹ̀rọ ti dé, ilé ti dúró, ṣùgbọ́n kí ni wọn yóò máa fi hàn? Àwọn fíìmù Òyìnbó pọ̀ lọ jàra, ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn ń fẹ́ ohun tí ó fi èdè wọn sọ̀rọ̀. Àwọn ẹgbẹ́ aláré ni ó ní irú ọjà bẹ́ẹ̀ nílẹ̀. Ní nǹkan bí àárín ọdún 1960 sí 1969 ni ẹgbẹ́ Aláwàdà bẹ̀rẹ̀ sí í hàn lórí WNTV.

Orí amóhùnmáwòrán yìí ni Bàbá Sàlá ti di ará ilé fún gbogbo ènìyàn. Ẹ wo ọgbọ́n tí ó wà nínú ẹ̀dá-ìtàn náà. Bàbá arúgbó kan ni, ahun ni, ó fẹ́ràn obìnrin, ó sì gbà pé kò sí ẹni tí ó gbọ́n tó òun. Táì ọrùn rẹ̀ tóbi kọjá àlà, gíláàsì ojú rẹ̀ tóbi, aago tí ó ń gbé kiri kì í ṣe irú èyí tí ènìyàn ń dè mọ́ ọwọ́. Kí ó tó la ẹnu ni ẹ̀rín ti ń pa àwọn ènìyàn. Eré lè yí padà, ọ̀ràn tí ó bá bàbá lè jẹ́ tuntun, ṣùgbọ́n bàbá yẹn kò yí padà: ètekéte tí ó bá pa ni yóò padà mú òun fúnra rẹ̀. Òǹwòran ti mọ bí yóò ṣe parí, síbẹ̀ ó fẹ́ rí ọ̀nà tí yóò gbà parí bẹ́ẹ̀. Nǹkan yìí ni ó yàtọ̀ láàrin ẹni tí ó wo eré kan tí ó gbádùn rẹ̀ àti ẹni tí ó di olólùfẹ́. Olólùfẹ́ ń padà wá ni.

Agogo ni amóhùnmáwòrán, ọ̀nà ni ọjà

Kókó kan wà níbí tí akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ dì mú ṣinṣin. Owó tí ilé-iṣẹ́ amóhùnmáwòrán ń san fún àwọn ẹgbẹ́ aláré kéré púpọ̀. Kò sí olórí ẹgbẹ́ tí ó lè fi bọ́ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀, kí á má tilẹ̀ sọ ti epo ọkọ̀. Kí wá ni wọ́n ń bá lọ síbẹ̀? Agogo ni wọ́n ń lọ lù. Amóhùnmáwòrán ni akéde tí ń sọ fún gbogbo ìlú pé ọjà ń bọ̀. Ẹni tí ó ti rí Bàbá Sàlá nínú àpótí ní ilé ọlọ́lá kan, tàbí tí ó nàgà wò ó láti ojú fèrèsé aládùúgbò, yóò fẹ́ rí i lójúkojú bí ó bá gbọ́ pé ó ń bọ̀ ní ìlú òun.

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ná ọjà yìí kò ṣòro láti ṣàpèjúwe. Ẹgbẹ́ yóò ti rán aṣojú ṣáájú láti gba gbọ̀ngàn: ó lè jẹ́ ti ìlú, ti ilé-ìwé, ti òtẹ́ẹ̀lì tàbí ti sinimá. Ní ọjọ́ eré, ọkọ̀ wọn tí a kọ orúkọ ẹgbẹ́ sí lára yóò máa yí ìlú ká pẹ̀lú gbohùngbohùn, àwọn ọmọdé yóò sì máa sáré tẹ̀lé e. Bí ilẹ̀ bá ṣú, ẹni tí olórí ẹgbẹ́ fọkàn tán yóò jókòó sí ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú tíkẹ́ẹ̀tì àti àpótí owó. Ní ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́, aya olórí ẹgbẹ́ ni, nítorí àwọn aya a máa wà lára àwọn òṣèré, a sì máa wà lára àwọn tí ń ṣọ́ owó. Bí wọ́n bá ṣeré tán lálẹ́, ìlú mìíràn ni ó kàn. Wọn kì í dúró ní ilẹ̀ Yorùbá nìkan. Níbikíbi tí ọmọ Yorùbá bá ń gbé pọ̀ sí, ìbáà ṣe Òkè Ọya, ìbáà ṣe ìlú Gánà kí ìjọba ibẹ̀ tó lé àwọn àlejò lọ ní 1969, ni àwọn ẹgbẹ́ aláré ń lọ.

Nígbà tí owó epo rọ̀bì bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé, tí owó Udoji sì bọ́ sọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ní 1974 àti 1975, àwọn tí ó lè ra amóhùnmáwòrán pọ̀ sí i, àwọn tí ó lè ra tíkẹ́ẹ̀tì náà sì pọ̀ sí i. Ọjà ẹ̀rín gbóná. Àwọn aláwàdà mìíràn bí Òjó Ládiípọ̀, ẹni tí a mọ̀ sí Bàbá Mẹ́rò, náà ní àwọn olólùfẹ́ tiwọn. Ní 1978, ìjọba àpapọ̀ fi oyè ẹ̀yẹ MFR dá Moses Ọláìyá lọ́lá.

Ìfẹ́ tún rí ọ̀nà mìíràn gbà. Láti 1967 ni ìwé ìròyìn Atọ́ka ti ń jáde ní Èkó, tí ó ń fi àwòrán àti ọ̀rọ̀ sọ eré àwọn ẹgbẹ́ aláré ní ojú ìwé dé ojú ìwé. Ẹni tí kò rí owó tíkẹ́ẹ̀tì lè rí owó Atọ́ka. Kò sì ṣòro láti rí àgbàlagbà tí yóò sọ pé inú rẹ̀ ni òun ti kọ́ ìwé kíkà. Ẹgbẹ́ Aláwàdà náà ṣe àwo, tí àwọn ènìyàn ń gbọ́ ohùn Bàbá Sàlá nínú ilé wọn láìrí ojú rẹ̀. Ìwé ni o, àwo ni o, ohun kan náà ni wọ́n: ọjà tí olólùfẹ́ lè rà gbé lọ sílé. Ní àsìkò yẹn, kò rọrùn fún ẹnikẹ́ni láti tẹ ìwé tàbí láti ṣe àwo nínú ilé ara rẹ̀. Ìṣòro ẹ̀rọ ni ó ń bá òṣèré ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, bí òun kò tilẹ̀ mọ̀.

Ọ̀run Móoru

Ní 1976, Àjàní Ògùn ṣí ojú àwọn òṣèré Yorùbá sí fíìmù ṣíṣe. Ògúndé gbé Ayé jáde ní 1979, èrò sì wọ́ tìrítìrí lọ wò ó. Ó wá kan Bàbá Sàlá. Ní 1982 ni ó gbé Ọ̀run Móoru jáde, tí Ọlá Balógun sì darí rẹ̀.

Fíìmù ìgbà náà gba owó gọbọi. Òkè òkun ni a ti ń fọ̀ ọ́, owó ilẹ̀ òkèèrè ni a sì fi ń sanwó iṣẹ́ náà. Olórí ẹgbẹ́ tí ó bá fẹ́ ṣe é yóò jẹ gbèsè. Kí ni ó fọkàn tẹ̀ pé yóò fi san gbèsè náà? Ẹnu ọ̀nà rẹ̀ àtijọ́ ni. Àwọn òṣèré kì í fi fíìmù wọn lé alágbàtà lọ́wọ́. Bí wọ́n ti ń gbé eré kiri ni wọ́n ń gbé fíìmù kiri: wọn yóò gba gbọ̀ngàn, wọn yóò gbé ẹ̀rọ àti jẹnẹrétọ̀ dání, wọn yóò ta tíkẹ́ẹ̀tì, wọn yóò sì ká fíìmù wọn kúrò nílẹ̀ bí eré bá ti parí. Àwọn kan lè rò pé àìlajú ni èyí. Kì í ṣe àìlajú. Ọgbọ́n ọlọ́jà ni. Ẹni tí fíìmù bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni ó ni ẹnu ọ̀nà.

Ṣùgbọ́n fídíò ti dé. Ohun tí ó ti gba owó gọbọi àti ìrìn-àjò òkè òkun tẹ́lẹ̀ di ohun tí ẹni tí ó ní ẹ̀rọ méjì lè ṣe ẹ̀dà rẹ̀ nínú yàrá. Ọ̀run Móoru bọ́ sọ́wọ́ àwọn oníṣẹ́ ayédèrú, téèpù rẹ̀ sì gba ìgboro. Ọ̀pọ̀ àwọn tí ìbá ra tíkẹ́ẹ̀tì ti wò ó nílé. Ẹni tí ó ṣe fíìmù náà jókòó ti gbèsè, àwọn tí kò mọ ìgbà tí ó gbin ín ń kó ìkórè. Ọ̀bọ ń ṣiṣẹ́, ìnàkí ń jẹ. Ohun tí ó tún mú ọ̀rọ̀ náà jẹ́ ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín ni pé ìtàn ọkùnrin kan tí àwọn ẹlẹ́tàn sọ di òtòṣì wà lára ohun tí fíìmù náà ń sọ. Ohun tí Bàbá Sàlá fi ṣeré ni ó padà wá bá Moses Ọláìyá nílé.

Ǹjẹ́ kò sí òfin? Òfin wà. Láti 1970 ni òfin ti ń sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀tọ́ oníṣẹ́-ọpọlọ ní Nàìjíríà, ṣùgbọ́n ìjìyà rẹ̀ kò tó ohun tí olè ń bẹ̀rù. 1988 ni ìjọba ológun tó ṣe òfin mìíràn tí ó le ju ti ìṣáájú lọ, 1989 sì ni àjọ tí yóò máa mójú tó o bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ọdún mẹ́fà ti kọjá lórí Ọ̀run Móoru kí òfin yìí tó dé. Gbogbo ọjọ́ ni ti olè, ọjọ́ kan ni ti olóhun. Ṣùgbọ́n ọjọ́ olóhun yìí pẹ́ kí ó tó mọ́.

Moses Ọláìyá kò jókòó káwọ́ gbera. Ó ṣe Ààrẹ Àgbáyé ní 1983, ó sì ṣe Mosebọ́látán lẹ́yìn rẹ̀, orúkọ tí ẹni tí ó bá mọ ohun tí ojú rẹ̀ ti rí yóò ronú lé lórí. Àmọ́ nígbà tí náírà já wálẹ̀ láti 1986, fíìmù tí a ń fọ̀ ní òkè òkun di ohun tí ọwọ́ kò tó mọ́. Ìrìn-àjò alẹ́ náà dín kù, nítorí ẹ̀rù ojú ọ̀nà àti ọ̀wọ́n epo. Fídíò tí ó bà á lówò jẹ́ náà ni òun pẹ̀lú padà lọ bá: Agba Man, tí ó jáde ní 1992, fídíò ni. Ní ọjọ́ 7, oṣù kẹwàá, 2018, ni ó jẹ́ Ọlọ́run nípè ní Iléṣà.

Ẹ̀rí tí ó kàn mí

Àwọn kan máa ń jiyàn pé àwọn oníṣẹ́ ayédèrú ni ó tan òkìkí Bàbá Sàlá kálẹ̀ dé ibi tí ọkọ̀ rẹ̀ kò lè dé. N kò ní purọ́, òótọ́ díẹ̀ wà nínú rẹ̀. Èmi tí mo ń kọ àròkọ yìí kò bá ayé ìrìn-àjò ẹgbẹ́ Aláwàdà. Téèpù ni mo fi mọ Bàbá Sàlá, nínú pálọ̀ àwọn òbí mi, nígbà tí mo wà ní ọmọdé. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa. Kò sí ẹni tí ó béèrè ibi tí téèpù náà ti wá, bẹ́ẹ̀ ni orúkọ fíìmù tí a fi bírò kọ sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti tó láti fi yé wa. A fẹ́ràn bàbá náà tọkàntọkàn. A sì wà lára àwọn tí kò sanwó fún un.

Ìdí nìyí tí n kò fi lè gbà pé òkìkí nìkan tó. Ìfẹ́ tí a ní sí i kò san gbèsè kankan fún un. Kò sì tọ́jú iṣẹ́ rẹ̀ pàápàá: téèpù wọ́n ní àwọn ilé-iṣẹ́ amóhùnmáwòrán láyé ìjọ́un, wọ́n a sì máa pa ohun tí ó wà nínú wọn rẹ́ láti fi gba ètò mìíràn sílẹ̀. Púpọ̀ nínú eré tí ó sọ ọ́ di ará ilé wa ni kò sí mọ́. Bí ó bá jẹ́ pé owó ń ti ẹnu ọ̀nà wọlé fún ẹni tí ó ni eré náà ni, ìdí ìbá wà láti tọ́jú wọn. Ohun tí kò mú owó wá fún oníṣẹ́, kì í pẹ́ tí ó fi ń ṣègbé.

Ìkádìí

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ọ̀rọ̀ yìí kò parí sí ọ̀dọ̀ Bàbá Sàlá. Ẹ wo yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ yín nígbà tí a bá ń ka ìwé eré oníṣe tí àjọ onídàánwò yàn. Mélòó nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni ó mú ìwé náà fúnra rẹ̀ wá, mélòó sì ni ó mú ẹ̀dà tí wọ́n fi ẹ̀rọ dà kọ ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà? Mo mọ̀ pé ìṣẹ́ wà nílẹ̀, mo sì ti gba irú ẹ̀dà bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ọmọ tí kò ní òmíràn. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí ọmọ náà mọ ohun tí ó dì mú lọ́wọ́. Ẹni tí ó kọ ìwé náà jókòó sí ẹnu ọ̀nà kan, òun pẹ̀lú àpótí òfìfo.

Ẹ̀yin tí ẹ ń múra ìdánwò, bí wọ́n bá ní kí ẹ sọ ìtàn eré aláwàdà, ẹ má ṣe fi mọ sí orúkọ àti ọdún nìkan. Ẹ sọ pé olórin kan sọ ẹ̀nì di ọjà. Pé amóhùnmáwòrán lu agogo fún un, ojú ọ̀nà sì fún un lówó. Pé fíìmù mú kí ọjà náà tóbi, tí fídíò sì jí kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá bi ara yín léèrè bí àwọn ọ̀dọ́ aláwàdà tí ń fi fóònù ṣeré lónìí bá ní ẹnu ọ̀nà kankan tí í ṣe tiwọn, tàbí inú gbọ̀ngàn ẹlòmíràn ni wọ́n ti ń pa wá lẹ́rìn-ín.